Bí Mo Ṣe Pe Àgbà Ilé Ọkọ Mi ní Akáyín

Bàbá mi, olùkọ́ mi àkọ́kọ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ, nítorí náà mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín nígbà tí ẹ bá ti ìdí ọsàn dé. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó máa ń dùn yín yẹn ti fi yín sílẹ̀?

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni mo ti fẹ́ kọ ìwé yìí, ojú ló ń tì mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ẹni tí kò lè kí aládùúgbò kó má wolẹ̀, ṣé òun ni yóò wá jókòó kọ lẹ́tà? Ọwọ́ mi ò sì yá mọ́. Ìwé márùn-ún tí mo kà kí ẹsẹ̀ yín tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣí kúrò lórí mi bí ọ̀dà ara ògiri. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi nílé ọkọ, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tán pátápátá. Bí mo bá sọ ọ́ fún ìyá mi, kí n tó dé ìdajì ni yóò ti bú sẹ́kún. Ẹ̀yin, ẹ ó gbọ́ ọ parí. Ẹ máa ń gbọ́ mi parí.

Mo ti lọ́kọ, Bàbá. Ó ti di oṣù mẹ́rin. Ìlọ́rà níbí ni. Ẹ kò mọ ọkọ mi, ẹ̀yìn yín ló dé. Mẹkáníìkì alùpùpù ni, ní ìkóríta tí àwọn ọlọ́kadà Akínmọ̀ọ́rín máa ń dúró sí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ra ọsàn lọ́wọ́ mi ní Fídítì, ó ní kí n má bó o fún òun. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó bó o títí, èèpo rẹ̀ kò já lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ ṣe máa ń bó tiyín gẹ́lẹ́. Mo wolẹ̀. Mo ti gbà nínú ara mi lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àbúrò ìyá mi ló jókòó síbi tó yẹ kí ẹ jókòó. Ó gbìyànjú. Ó ṣe àdúrà gígùn, ó wá gbàgbé orúkọ mi láàárín àdúrà, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún díẹ̀ sínú ìborùn mi. Ẹ̀yin ì bá má gbàgbé.

Ohun tí mo bẹ̀rù jù kí n tó dé ibí ni èrò. Wọ́n ti sọ fún mi pé ilé ńlá ni ilé ọkọ mi, yàrá mẹ́rìnlá. Mo ń rò ó pé báwo ni n ó ṣe máa kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn láàárọ̀, báwo ni n ó ṣe mọ ẹni tó ju ẹnì kejì lọ. Ìgbà tí mo dé, àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀: ọkọ mi, ìyá rẹ̀ àti èmi. Bàbá rẹ̀ ti kú. Yàrá tó kù, àgádágodo ló wà lẹ́nu wọn. Àwọn tó ni wọ́n wà ní Àkúrà ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n wà ní Sókótó, wọ́n wà ní Ítálì àti Kánádà. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n bí sí ọ̀hún, tí wọn kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìlọ́rà rí.

Lọ́jọ́ kan tí èmi àti ìyá ọkọ mi ń bẹ ẹ̀gẹ́, mo ní, "Màmá, ilé yìí mà dá o."

Ó wò mí. "Dá bí i báwo? Ilé kún o, ìyàwó. Inú fóònù ni gbogbo wọn wà."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Lọ́jọ́ kejì ni ọkọ mi gba fóònù mi, ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ó ní òun ti fi mí sínú gúrúùpù ilé. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tiyín, "hẹ́lò, hẹ́lò" nìkan ni fóònù wà fún. Ẹ máa ń pariwo sí i bí ẹni pé ẹ fẹ́ kí àwọn ará ilé yín ní Ṣakí gbọ́ ọ láìsí fóònù, ojú a sì máa tì mí níwájú àwọn oníbàárà. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò bá yín wá. Ẹ forí jì mí. N kò mọ̀ pé ọ̀nà yẹn nìkan lẹ ní tí ẹ fi lè wà nílé fún ìṣẹ́jú méjì.

Gúrúùpù yìí dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó wà nínú fóònù. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo ará ilé ni yóò gbọ́ ọ, ibi yòówù kí wọ́n wà. Èèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí i, èèyàn sì lè gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́. Bí òjò bá rọ̀ ní Ìlọ́rà, ìyá ọkọ mi a gba ariwo rẹ̀ lórí páànù ránṣẹ́ sí wọn. Ẹnì kan a ní, òjò yìí mà le ju ti èṣí lọ. Ẹlòmíràn a ní kí wọ́n lọ kó àgbàdo tó wà níta, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ítálì lòun wà! Bí wọ́n bá bímọ níbòmíràn, ọjọ́ ìkómọ, kálukú ni yóò dá orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ láti ibi tó wà, wọn ò ní yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Àwọn mẹ́tàdínlógójì ló wà níbẹ̀. Wọ́n kí mi káàbọ̀ títí bátìrì mi fi kú. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, n kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo ń gbọ́ wọn, mo ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi kàn wà lókè fóònù ni, kò lè sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ àbúrò bàbá ọkọ mi kan wà ní Àkúrà, aránṣọ ni. Òun ló kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó tí ẹ gbé wọlé yìí, ṣé ó ní ahọ́n? Àbí ẹ kò wo ẹnu rẹ̀ dáadáa?"

Obìnrin kan dá a lóhùn láti Kánádà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí kó tó lè sọ̀rọ̀. "Fi ìyàwó sílẹ̀ jàre! Ìwọ tí ò ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, kí lo rí sọ?"

"Orúkọ mi ni mò ń bèèrè. Ìyàwó, orúkọ tèmi dà?"

Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀. Tèmi ńkọ́? Èmi ni kó kọ́kọ́ sọ! Irọ́ ni, èmi ni mo dàgbà jù ọ́ lọ!

Ẹ mọ àṣà náà jù mí lọ, Bàbá. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Òun ni yóò wo ọmọ náà, tí yóò wá orúkọ tirẹ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ní rí orúkọ ará ilé kankan nínú lẹ́tà yìí. Mo mọ àṣà náà, ìyá mi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo rò pé ojúkojú ni wọ́n ń ṣe é. Ta ló ń wo fóònù sọ èèyàn lórúkọ?

Mo ní kí ìyá ọkọ mi bá mi bẹ̀ wọ́n. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Gbọ́, ìyàwó. Èyí tó wà ní Kánádà yẹn, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kù, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà. Ó sọ fún mi pé bí wọ́n bá pe òun, òun á wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ìyàwó tuntun kò wọ ilé yìí. O rò pé eré ni wọ́n ń bá ọ ṣe? Sọ wọ́n lórúkọ, jàre."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. N kò mọ ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohùn wọn ni mo mọ̀. Mo wá ń fetí sí wọn, bí ẹ ṣe máa ń fetí sí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn kó tó yọ. Ará Àkúrà yẹn, kò sí ìgbà tó sọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ìránṣọ kò ní máa kùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo pè é ní Alábẹ́rẹ́. Ará Kánádà tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀, mo pè é ní Ẹlẹ́rìn-ín-Ẹ̀yẹ. Ọ̀kan wà ní Sókótó tí kì í jẹ́ kí oòrùn yọ kó tó kí gbogbo ilé. Òun ni Àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní Ítálì, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó máa ń sọ pé "ẹ káàárọ̀" ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ọrùn gígùn, apá tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n ní ó sá lọ síwájú dígí, ó ń pe ara rẹ̀.

Ibi tí a ń kó igi ìdáná sí ni mo ti lọ sọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, mo dojú kọ ògiri. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Alábẹ́rẹ́ yọ orúkọ tó wà lórí fóònù rẹ̀, ó fi Alábẹ́rẹ́ rọ́pò. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́rìn-ín-Ẹ̀yẹ ní òun ti kọ tòun sára ife tí òun fi ń mu tíì níbi iṣẹ́, kí àwọn òyìnbó máa fojú jẹ ẹ́. Wọ́n wá ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí orúkọ rẹ̀ dùn jù.

"Alábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ rẹ ti kú!"

"Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rín sọ lórúkọ ló ń bínú yìí!"

Ìyá ọkọ mi gbé fóònù sétí, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ nílé yìí. Mo wá gbójú. Ibi tí mo ti ṣìṣe gan-an nìyẹn, Bàbá.

Ẹnì kan wà nínú gúrúùpù náà tí kì í sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà lásán ló wà níbi tó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà, nọ́ńbà ilẹ̀ òkèèrè. Bí wọ́n bá kí i, àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ni yóò fi ránṣẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́tò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ. Mo ní, áà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mìíràn nìyí. Kò gbọ́ Yorùbá dáadáa ni kò jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Ojú ń tì í. Ẹni tí ojú ń tì, mo mọ̀ ọ́n, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo fi ohùn tí a fi ń ṣeré pẹ̀lú ọmọ sọ ọ́ létí gbogbo ilé:

"Akáyín mi kékeré! Má bẹ̀rù wa o, ọkọ mi àtàtà. Ṣé o ti jẹun? Má jẹ́ kí alángbá rí àlàfo ẹnu yẹn o, bó bá rí i, kò ní hù mọ́!"

Ẹlẹ́rìn-ín-Ẹ̀yẹ kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Lẹ́yìn náà ni ìlà tín-ín-rín kan jáde lójú fóònù, ó ní nọ́ńbà yẹn ti kúrò nínú gúrúùpù.

Ọkọ mi sáré wọlé láti ṣọ́ọ̀bù, epo ẹ́ńjìnnì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lo ṣe? Ta lo pè ní Akáyín?"

Mo fi fọ́tò náà hàn án. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe ọmọ, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni, òun ni àgbà kan ṣoṣo tó kù nínú ilé náà. Àbíjàn ló wà. Kí Màmá tó fẹ́ bàbá ọkọ mi, kí wọ́n tó bí ọkọ mi, ló ti lọ, kò padà, kò ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ti gbà pé ó ti kú. Nígbà tí bàbá ọkọ mi wà lórí àìsàn, ohun tó bèèrè kẹ́yìn ni bóyá wọ́n ti gbúròó ẹ̀gbọ́n òun. Alábẹ́rẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé oníṣòwò kan tó mọ̀ ọ́n, tó gba nọ́ńbà rẹ̀, tó sì fi í sínú gúrúùpù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó wọlé. Gbogbo ilé wá ń rọra ṣe, bí ẹni tó rí ẹyẹ tó bà sórí ògiri, kí wọ́n má bàa lé e lọ. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wà nínú fọ́tò. Ẹni tí n kò gbọdọ̀ sọ lórúkọ rárá, tó yẹ kí n máa kúnlẹ̀ pè ní Bàbá, òun ni mo pè ní akáyín, tí mo bi léèrè bóyá ó ti jẹun, bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀.

Nínú gúrúùpù, wọ́n ti ń pín ẹ̀bi. Ẹnì kan ní kí ló dé tí wọn kò kọ́ ìyàwó yìí kí wọ́n tó jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín-Ẹ̀yẹ ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní kó ní ahọ́n! Ó ti wá ní in, ẹ tún ń bínú!" Mo pa fóònù náà. Mo wọ yàrá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ mi sínú báàgì. Mo ní kí n máa padà sí Fídítì. Èwo ni mo fẹ́ jókòó ṣe nínú ilé tí mo ti fi ẹnu ara mi lé àgbà rẹ̀ jáde? Tí ẹ bá wà láyé, Bàbá, ṣé ẹ̀ bá gbà mí sílé lọ́jọ́ yẹn, àbí ẹ̀ bá dá mi padà?

Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Níbo lò ń lọ?"

"Màmá, mo ti ba ilé yín jẹ́."

"Ilé wo? Bí o bá ṣẹ àgbà ní Fídítì yín, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń kúnlẹ̀."

"Ó dáa. Ó yá, jáde, kúnlẹ̀."

"Níbo, Màmá?"

"Nínú àgbàlá. Èmi ni n ó di fóònù mú."

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta. Mo ró ìró ìgbéyàwó mi, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Àkọ́kọ́, àtàǹpàkò Màmá bo ojú fóònù, dúdú nìkan la rí. Ẹ̀ẹ̀kejì, ewúrẹ́ kan wá dúró níwájú mi, ó tẹjú mọ́ fóònù. Màmá ní, "Ìwọ náà fẹ́ tọrọ àforíjì ni? Kúrò níbẹ̀!" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún sì wà lójú mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dáa. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun. Èmi ni ìyàwó ilé yín. Fọ́tò ni mo wò, n kò bèèrè. Bí ẹ bá ń bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí, ẹ má bá ilé bínú. Ẹ má jẹ́ kí àṣìṣe mi mú yín jáde nílé yín." Ọkọ mi fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà náà tààrà.

Bí èèyàn bá fi nǹkan ránṣẹ́, àmì kékeré méjì ló máa ń jáde. Bí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí bá ti wò ó, àmì náà á yí àwọ̀. Tèmi kò yí. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, kò yí. Mo ń bẹ ẹ̀gẹ́, mo ń wò ó. Mo ń pọn omi, mo ń wò ó. Ọkọ mi kò bá mi wí, ṣùgbọ́n kì í jẹun tán. Lọ́jọ́ karùn-ún, àmì náà yí àwọ̀, ó wá burú sí i, nítorí ó ti wò ó, kò sì sọ nǹkan kan. Gúrúùpù dákẹ́. Àfẹ̀mọ́júmọ́ nìkan ló ń kí gbogbo ilé láàárọ̀, á kí wọn kúkúrú, á lọ.

Lọ́jọ́ keje, a ń yan gaàrí nígbà tí fóònù mi dún. Nọ́ńbà yẹn ni. Ohùn ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Màmá ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Èdè Faransé ti wọ inú Yorùbá rẹ̀, "bọ̀ń" ló máa ń sọ níbi tí àwa ti ń sọ pé "ó dáa".

"Ìyàwó. Bọ̀ń. Èmi ni. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, inú sì bí mi, n kò ní purọ́. Mo ní wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà, àgbàlagbà tó lọ, tí kò kó nǹkan kan bọ̀. Mo ní kí ọmọ yìí yọ mí kúrò níbẹ̀, ó sì yọ mí. Ṣùgbọ́n kò yé gbọ́ ohùn rẹ. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, ó ń tún un gbọ́. Ó ní, Papá Àgbà, kí ni akáyín? Mo sọ ọ́ fún un lédè tiwọn. Ó wo ẹnu mi, ó ní, ìwọ ni! Bọ̀ń. Òótọ́ ni, ìyàwó. Eyín mẹ́rin ló kù sí mi lẹ́nu, ọ̀kan nínú wọn ń mì. A rẹ́rìn-ín, èmi àti ẹ̀, títí àwọn alábàágbé fi wá wò wá. Alángbá ti rí tèmi. Kò lè hù mọ́."

A ń gbọ́ ọmọ náà tó ń sọ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Fíìmù tí o ṣe, mo wò ó. Mo fẹ́ sọ fún ọ pé kí o dìde, òkúta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yẹn láti kékeré wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ ni mò ń wò. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ, ṣé ti yàrá ìyá mi ni, àbí mo ti gbàgbé? Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo fi ọ̀bẹ fà nígbà tí mò ń wọn gíga mi. Yí fóònù sí apá ọ̀tún fún mi, ìyàwó. Ọ̀tún o."

Gaàrí jóná, Bàbá. Màmá jókòó síbẹ̀, ó ń wo iná, kò sì rí i. Ó gba ìgbà díẹ̀ kó tó ní kí n lọ pe ọkọ mi.

Ọkọ mi dá bàbá náà padà sínú gúrúùpù. Ẹ̀rọ Alábẹ́rẹ́ kò kùn lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ nìkan la gbọ́, ó ń pariwo, "Ẹ kú ilé o! Ẹ kú ilé!" bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló dé. Lẹ́yìn náà a pe bàbá náà, ìpè tí èèyàn fi ń rí ojú ara. Ó tínrín, irun rẹ̀ funfun, imú ọkọ mi ló wà lójú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde kí n máa rìn. Mo gbé fóònù níwájú bí ẹni gbé àtùpà, ó ń tọ́ mi sọ́nà nínú ilé tí mo ti ń gbé láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi. "Yà síbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà yẹn kúrú." Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Nígbà tí a dé ara ògiri ìyá rẹ̀, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì kùn ún, ṣùgbọ́n Màmá họ sìmẹ́ńtì náà díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́, a sì rí ìlà náà. Kò ga ju igbá àyà mi lọ. Mo fi ìka mi sí i.

Bàbá náà sún mọ́ fóònù tirẹ̀ títí ojú rẹ̀ nìkan la fi ń rí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Pè mí."

"Kí ni kí n pè yín, Bàbá?"

"Orúkọ tí o sọ mí. Àwọn ìyàwó tó sọ mí lórúkọ nílé yẹn, gbogbo wọn ti kú, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ náà mọ́. Níbí tí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní Nàgó, Papá Nàgó ni mí fún gbogbo ayé. Ìyàwó kan ṣoṣo tó kù láyé yìí tó ti sọ mí lórúkọ, ìwọ ni."

Mo wo Màmá. Àṣà kò gbà á. Màmá fi etí ìró nu ojú, ó ní, "Pè é. Òun ni àgbà, òun ló ní kí o pè é."

Mo tún kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá Akáyín."

Kò dáhùn bí àwọn èèyàn ṣe ń dáhùn lórí fóònù. Ó kígbe pé "Hẹ̀ẹ́ẹ̀n!" bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìnkùlé, tó ń sáré bọ̀.

Kò sọ fún wa pé òun ń bọ̀ wálé, a kò sì bi í. Lọ́sàn-án, bí mo bá ń bẹ ẹ̀gẹ́, ó máa ń pè, n ó fi fóònù ti ara ògiri. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ń bá wa jókòó ni. Bí adìẹ bá kọjá, yóò bèèrè ẹni tó ni ín. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Lánàá ó ní kí n má fi ọ̀bẹ gé ọwọ́ ara mi.

Bàbá, ohun kan wà tí n kò bi yín rí, òun ni mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí jọ láti wá bi yín. Kí ni àwọn ìyàwó ilé yín ní Ṣakí máa ń pè yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé? Ní Fídítì, Bàbá Ọlọ́sàn ni gbogbo ayé ń pè yín, ẹ sì ń jẹ́ ẹ fún ọdún tí n kò lè kà. Kí wọ́n tó mọ̀ yín mọ́ ọsàn, ta lẹ jẹ́ lẹ́nu wọn? Ṣé nítorí bí ẹ ṣe ń rìn ni wọ́n fi sọ yín ni, àbí nítorí ẹ̀rín yín? Ṣé ẹnì kan ṣì wà lọ́hùn-ún tó rántí? Àfẹ̀mọ́júmọ́ ní òun mọ ará Ṣakí kan ní Sókótó tí ilé tiwọn náà ní gúrúùpù. Mo ti ní kó bá mi bèèrè. N ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fúnra mi. Ojú á tì mí, n ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ sùn re, Bàbá.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, ìyàwó ilé ní Ìlọ́rà, tó fẹ́ràn yín, tó sì ń wá orúkọ tí yóò máa fi pè yín.